Ìwé Onílà Méjì Tó Ti Kàǹga Mi Pa

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ láti ìsàlẹ̀ ilé gíga tí o ń gbé yẹn títí dé àjà tó kẹ́yìn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀yìn kò dùn ọ́, nítorí o sọ nígbà kan pé orí àga kan náà lẹ ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó sùn, tó sì ń ṣọ́ ẹni tí kò rí oorun sùn, kò ní mú ojú kúrò lára rẹ. Bí o bá béèrè àwa, a wà. Kí ọkàn rẹ má baà fò, mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ ka èyí: ìyá rẹ wà láàyè, ó ń jẹun, àná pàápàá ó bá mi jà nítorí pé mo gbé àga rẹ̀ kúrò nínú oòrùn. Ẹni tó bá lè jà ti sàn.

O máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Ara fóònù náà le. Mo fi sòkòtò mi àtijọ́ wé e, mo tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, nítorí pé àrùn wọ àdúgbò wa, wọ́n sì ní inú afẹ́fẹ́ ni ohùn ń gbà wọnú fóònù. Ohun tó bá lè fa ohùn èèyàn láti ìlú míì wá, ta ló mọ nǹkan míì tó lè fà wá? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Lẹ́tà ni mo fi ṣẹ̀ ọ́, lẹ́tà náà ló yẹ kí n fi bẹ̀ ọ́.

O rántí èyí tí mo kọ nígbà tí o gba iṣẹ́ tuntun yẹn. O ní ilé iṣẹ́ kan ni, wọ́n ń ṣe ìwé pelebe pelebe kan tó wà fún àìsàn, pé iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa ki ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kí o sì dí ẹnu ọ̀rá náà. Mo wá kọ̀wé pé ṣé nítorí ọ̀rá ni mo ṣe ta kẹ̀kẹ́ mi kí o lè ka ìwé mẹ́wàá? Mo ní èmi bàbá rẹ ń gbẹ́ kàǹga, odindi àdúgbò ló ń mu nínú ihò tí mo bá gbẹ́, ìwọ wá ń ki bébà sínú ọ̀rá bí ọmọdé tó ń ṣeré. Mo ní kí o lọ wá iṣẹ́ tó ní ìwọ̀n. Láti ọjọ́ náà owó ń dé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ kò dé mọ́. Ní tèmi, báńkì ni mo ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé o wà, títí tí bíríkìlà fi wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun béèrè ẹ̀yáwó lọ́wọ́ rẹ, mo sì sọ fún un pé báńkì tìrẹ kì í yá èèyàn lówó, pé wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ni. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Òjò ọdún yìí kò rọ̀ bí òjò, ó rọ̀ bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Ó wó ṣáláńgá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé aláago, bàbá arúgbó tó ń tún aago ṣe ní ẹ̀gbẹ́ wa. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, aláago fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, ó ń bì, ó ní oúnjẹ àná ló ń bá òun jà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti kú. A sin ín, a ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, ìyàwó bíríkìlà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà bíríkìlà fúnra rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó kan ìyá rẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó gbálẹ̀, ó kọrin. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ojú rẹ̀ ti jìn sínú, ìka ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ bí ti ẹni tó fọṣọ ṣúlẹ̀. Ó ní omi ni òun fẹ́. Mo sáré lọ fa omi tútù nínú kàǹga mi, mo gbé ife sí i lẹ́nu, ó mu ún tán, mo tún bu òmíràn. Mo máa padà sí ọ̀rọ̀ ife yìí.

Nígbà tó di pé kò lè dìde mọ́, mo gbé e sínú bárò tí mo fi ń kó yẹ̀pẹ̀, mo tì í lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́. Ní ojú ọ̀nà, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ó ní bí òun bá kú, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú bárò ni òun bá lọ. Mo ṣèlérí fún un. Nísinsìnyí tí kò kú, mo lè sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò dàgbà tó ọ, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ti abẹ́rẹ́ bọ ìyá rẹ lápá, ó so ike omi kọ́ sórí irin, omi náà ń kán wọ ara rẹ̀ tó, tó, tó. Lẹ́yìn náà ló fún mi ní ike kékeré kan tó ní ìdérí, pé kí n gba ìgbẹ́ ìyá rẹ sínú rẹ̀. Ọmọ mi, inú bí mi. Mo ní èèyàn ń kú lọ, ìgbẹ́ lẹ̀ ń wá! Mo ní bó bá wá jẹ́ dandan, èmi ni olórí ilé, tèmi ló yẹ kó ṣíwájú. Ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n tèmi kò wúlò fún òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí díẹ̀.

Ó já ọ̀rá kékeré kan, ó yọ ìwé kan jáde níbẹ̀ tí kò gùn tó ìka mi, ó rì í bọ inú ohun tí mo gbé wá lẹ́yìn tó ti fi omi lú u, ó ní ká dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún bíríkìlà àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti fún onígbàjámọ̀ tí inú ń run. Ó to ìwé kọ̀ọ̀kan sórí àwo, ó fi báírò kọ orúkọ onílé sí ìdí rẹ̀. Gbogbo wa jókòó lórí bẹ́ǹṣì, à ń wo bébà bí ẹni ń retí àlejò.

Ti bíríkìlà ló kọ́kọ́ pé. Ìlà pupa méjì yọ lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí, ó ní onígbáméjì ni. Níbẹ̀ ni ojú mi là! Mo yíjú sí àwọn èèyàn, mo ṣàlàyé fún wọn pé ìlà méjì, igbá méjì, ó ti dọ́gba, pé àwọn bàbá wa ti sọ àrùn náà lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ìwé. Ti ìyàwó bíríkìlà yọ méjì, ti ìyá rẹ̀ náà yọ méjì. Ṣùgbọ́n ti onígbàjámọ̀, ìlà kan péré ló yọ. Mo bá a kẹ́dùn, mo ní tirẹ̀ jẹ́ onígbákan, ìdajì àrùn ló mú un, bóyá ìdajì oògùn ni wọ́n máa fún un. Onígbàjámọ̀ bú sẹ́kún, ó ń bi mí pé igbá wo ló kan òun, ṣé ti èébì ni àbí ti ìgbẹ́? Mo ní kó dúró de nọ́ọ̀sì, pé èmi kì í ṣe dókítà.

Ó wá ku ti ìyá rẹ. Nọ́ọ̀sì ti jáde lọ fọwọ́. Mo dìde, mo wo ìwé náà. Kò sí ìlà kankan lára rẹ̀. Funfun báláú! Mo gbé e sún mọ́ fèrèsé, mo yí i síwá sẹ́yìn, kò sí. Bí ìlà méjì bá jẹ́ igbá méjì, tí ìlà kan sì jẹ́ igbá kan, ẹni tí kò ní ìlà kò ní igbá. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo sọ fún ìyá rẹ pé kó dìde ká máa lọ sílé, pé ara rẹ̀ dá ju ti gbogbo wọn lọ. Mo ti di okùn omi yẹn mú, mo ń wá ibi tí wọ́n ti so ó kí n tú u, kí nọ́ọ̀sì tó wọlé, tó sì gbá mi lọ́wọ́. Ọmọ tí mo lè bí ni, ó gbá mi lọ́wọ́, mo sì jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìlà àkọ́kọ́ kì í ṣe ti aláìsàn rárá, ti ìwé fúnra rẹ̀ ni. Ìwé náà máa kọ́kọ́ jẹ́rìí ara rẹ̀ pé òun pé, pé òun ṣì lè sọ òótọ́, lẹ́yìn náà ni ìlà kejì yóò sọ bóyá àrùn wà. Ìlà kan túmọ̀ sí pé ìwé ń ṣiṣẹ́, kò sì rí onígbáméjì. Onígbàjámọ̀ nu ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí kò ní ìlà kankan, ó ní òkú ìwé ni, kò mọ nǹkan kan, ohunkóhun tó bá sọ, ẹ má gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo ti bá wọn jókòó síbi ẹjọ́ púpọ̀, mo ti gbọ́ ẹlẹ́rìí tó búra àti èyí tí kò búra, mi ò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó kọ́kọ́ dúró kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ọpọlọ rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà kó tó ka ẹ̀sùn sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Èmi pàápàá kò ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó kọ lẹ́tà yẹn sí ọ.

Mo bi í pé kí ló pa ìwé náà. Ó mú ọ̀rá rẹ̀, ó nà án sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi hàn mí. Ẹnu ọ̀rá náà kò dí tán. Àlàfo kan wà ní igun rẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ òjò ti gba ibẹ̀ wọlé, ó ti ba ìwé jẹ́. Nọ́ọ̀sì já ọ̀rá míì, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò kó tó já a, ó tún ti ìyá rẹ ṣe. Ìlà méjì.

Mo ní jọ̀wọ́, nígbà tó jẹ́ pé omi ti ń kán sí i lára kí ìwé tó sọ̀rọ̀, kí ni ìwúlò ìwé? Ó dá mi lóhùn pé omi ni ti ìyàwó yín, bàbá. Ìwé ni ti àwọn tí kò tíì ṣàìsàn.

Mo rántí ẹ̀gbọ́n rẹ, èyí tí o kò bá láyé. Nígbà tí àrùn kan náà wá lọ́dún kan kí a tó bí ọ, wọ́n gba ìgbẹ́ èèyàn méjì, wọ́n gbé e sọ́kọ̀ lọ sí olú ìlú, wọ́n ní ká máa retí èsì. Ọjọ́ kẹtàlélógún ni èsì dé. Bébà tó mọ́ tónítóní ni, ó ní òǹtẹ̀ lára. A ti sin èèyàn mọ́kàndínlógún kó tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ sì ni ìkẹrìnlá. Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, omi odò kan náà là ń mu, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà kó ní ká jáwọ́ níbẹ̀. Bí mo ṣe di agbẹ́kàǹga nìyẹn. Mi ò sọ fún ọ rí. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ọmọ mi kankan kò tún ní mu omi odò, mo sì gbẹ́ kàǹga wa fúnra mi, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì, kí n tó gbẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí oníkálukú ti ń pọnmi. Onígbàjámọ̀ ní ẹ̀rọ ẹ̀bá títì. Bíríkìlà wo ilẹ̀, ó ní kàǹga bàbá yìí ni àwọn ń mu. Mo wo àwo. Gbogbo ìwé onílà méjì jẹ́ ti kàǹga mi. Onílà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ kò mu omi kàǹga mi rí. Nọ́ọ̀sì fa àwo náà sọ́dọ̀. Ó to àwọn ìwé náà, ó fi fóònù rẹ̀ yà wọ́n ní fọ́tò bí ẹbí tó fẹ́ rìnrìn àjò, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òun. Mo ní kó pariwo sí i díẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́, ó ní fọ́tò kì í sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ṣì máa gbé lára ìgbẹ́ náà lọ sí olú ìlú kí àwọn àgbà iṣẹ́ tún un yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n àdúgbò kò ní jókòó de ìyẹn.

Lóòótọ́, ọjọ́ náà kò tíì rọ̀ tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá náà fi gun alùpùpù wá bá mi ní ẹnu kàǹga mi, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì oògùn omi àti fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n kọ iye ẹnu tó ń mu níbẹ̀. Mo ka ewúrẹ́ mọ́ ọn, nítorí ẹnu ni wọ́n béèrè. Níbi tí wọ́n kọ ẹni tó ni omi sí, mo kọ Ọlọ́run. Ọkùnrin náà fagi lé e, ó ní kí n kọ orúkọ tèmi. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn fẹ́ ti kàǹga náà pa.

Mo jókòó lé ẹnu rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tì í pa mọ́ èmi náà. Mo ní omi ò lọ́tàá, pé ogún ọdún ó lé ni omi yìí ti ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wọn kò bá mi jà. Obìnrin náà kàn béèrè pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín ibi tí mo jókòó sí àti ṣáláńgá tó wó.

Ọmọ mi, agbẹ́kàǹga ni mí. Kò sí ohun tí mo mọ̀ tó ìyẹn. Ní ọjọ́ tí ṣáláńgá náà wó, mo dúró ti kàǹga, mo wo ibẹ̀, mo wo ìhín, mo sì sọ fún ara mi pé kàǹga tèmi jìn, ìdọ̀tí kò lè dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé ó sún mọ́ jù. Ìgbéraga ló di ẹnu mi. Mo wá rántí ife méjì tí mo gbé fún ìyá rẹ, tí mo fi ọwọ́ mi di orí rẹ̀ mú kó lè mu ún dáadáa. Mo dìde. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Èmi ni mo gbé ìdérí lé e, èmi ni mo fi okùn dì í. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ó di ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí. Àwọn mẹ́ta míì tó ti mu omi náà tẹ́lẹ̀ ṣàìsàn, wọ́n tètè gbé wọn lọ, gbogbo wọn ti padà sílé. Láti ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tuntun. Mọ́kàndínlógún nígbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, aláago nìkan, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Kí á tó kúrò ní ilé ìwòsàn, mo bi nọ́ọ̀sì pé ta ló ń dí ẹnu ọ̀rá wọ̀nyí. Ó ní òun gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ ni, tí wọ́n ń jókòó sórí àga láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọ̀rá òkú ìwé yẹn, ó fọ̀ ọ́, ó fún mi. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé. Mi ò mọ̀ bóyá ilé iṣẹ́ tìrẹ ló ti wá, ohun tí wọ́n kọ sí i lára kéré ju ojú mi lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á fún mi. Ọmọ ẹnì kan ló dí i. Àwọn tó dí dáadáa ló gba ìyá rẹ àti àdúgbò wa là. Èyí tí kò dí yìí, mo ń wò ó lójoojúmọ́, mo ń bi ara mi pé kí ló ba ọmọ yẹn lọ́kàn jẹ́ lọ́jọ́ náà? Bóyá ńṣe ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba lẹ́tà láti ilé.

Mo ti sọ fún bíríkìlà pé kì í ṣe báńkì lo wà. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ọmọ mi ń ki ìwé sínú ọ̀rá, ó sì ń dí i lẹ́nu. Bíríkìlà dìde kúrò lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ìyàwó rẹ̀ sì ní kí n kí ọ.

Ìyá rẹ ní kí n má béèrè owó lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n bí mi ò bá béèrè, o lè rò pé ẹlòmíràn ló kọ lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, bá mi wá owó sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́rin fún kàǹga tuntun. Mo ti rí ilẹ̀ kan lókè, ó jìnnà sí gbogbo ṣáláńgá, mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi àti bíríkìlà la jọ máa ṣe é, àwọn tó wá ti kàǹga pa sì ti ní àwọn máa yẹ omi rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún, mo sì gbà. Ìyá rẹ ní kí o fi fóònù tuntun kún un, pé èyí tó wà nínú sòkòtò yẹn ti kú. Mo ní ó ń sinmi ni.

Bí lẹ́tà àtijọ́ yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, ya á. Bí o bá sì ń dí ọ̀rá lọ́la, mọ̀ pé inú bàbá rẹ dùn sí ọ, kí ọwọ́ rẹ lè balẹ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Omi tí o bá mu kò ní di àrùn sí ọ lára. Bí wọ́n bá yẹ̀ ọ́ wò níbikíbi, ìlà kan ṣoṣo ni yóò máa yọ, ìkejì kò ní yọ láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ìlà àkọ́kọ́ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.